Ìwọ̀n Ẹran

Èmi ni mo ń wọn ẹran ní pápá Santa Rosalía,
níbi tí koríko ti ń jẹ ojú ọ̀nà bàálù,
tí màlúù ń dá lórí rẹ̀ kọjá láàárọ̀
kí wọ́n tó gbé òun náà kọjá lórí òkè lọ́sàn-án.

Bàálù wa dàgbà ju bàbá Rómulo tó ń wà á lọ.
Ìtorí ogun ni wọ́n fi kàn án;
ó gbé sójà, ó gbé lẹ́tà, ó gbé adìẹ,
kó tó di ọkọ̀ ẹran lọ́wọ́ wa.
Àkísà lògbà rí.

A máa ń gbé agbada sábẹ́ ẹ́ńjìnnì òsì.
Epo ń kán: tó, tó, tó.
Mo bi Hilarión tó ń tún un ṣe bóyá ó yẹ ká bẹ̀rù.
Ó ní, “Ọjọ́ tí kò bá jò mọ́ ni kí o sá,
epo ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn.”
A rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín.

Lókè lọ́hùn-ún, ní El Alto,
afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ bí aṣọ tó ti gbó.
Àwọn alápatà dúró nínú òtútù, ọwọ́ lábẹ́ abíyá,
Eulogia pẹ̀lú fìlà dúdú rẹ̀,
ọ̀bẹ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àná.
Òkè yìnyín ló wà láàárín àwa àti wọn,
àlàfo kan ṣoṣo láàárín èjìká méjì
tí arúgbó náà ní láti fi gbogbo èémí rẹ̀ gùn dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mi ò mọ ẹni tó ṣẹ́gun.
Òjò ti rọ̀, ẹran tutù wúwo.
Ẹlẹ́ran ní màlúù mẹ́ta ló kù,
ṣé ká wá fi wọ́n sílẹ̀ fún eṣinṣin ni?
Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n lọ títí, ó kan irin.
Mo kọ ohun tí wọ́n máa ń ní kí n kọ.
Rómulo wo ìwé, ó wò mí.
Ó mọ̀. Ó fọwọ́ sí i.
Ó ní kí n má da kọfí òun nù,
òun ń bọ̀ wá mu ìyókù.

Ó sáré lórí koríko, ó sáré, ó sáré,
igi máńgòrò ìparí pápá ń ga sí i lójú wa,
ó fò ó.
Ewé já bọ́. A pàtẹ́wọ́.

Ẹ́ńjìnnì òsì ló dákẹ́.
Ọ̀kan tó kù ìbá gbé e délé lórí ilẹ̀ títẹ́jú.
Wọ́n ní ogójì mítà ló kù kó ré òkè kọjá:
igi máńgòrò wa mẹ́rin, tá a bá tò wọ́n léra.

Àwọn tó ń da láámà ló kọ́kọ́ débẹ̀.
Wọ́n fi ìbora wọn bo Rómulo
àti Wilder igbákejì rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.
Ẹran fọ́n ká sórí yìnyín, pupa, kò jẹrà.
Igún òkè fi oṣù kan jẹ ọjà wa.
Ará abúlé náà jẹ níbẹ̀. Mi ò bá wọn wí.

Àwọn olùwádìí béèrè ìwé, mo fún wọn.
Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.
Wọ́n kọ ọ́ pé ogbó ló fà á.

Ogbó?
Irin kì í parọ́ ọjọ́ orí.
Ó ń jò, ó ń gbọ̀n, ó ń ké sí wa,
àwa la ní ẹnu tá a fi ń rẹ́rìn-ín.

Òmíràn ti dé báyìí, ọmọ ìyá èyí tó lọ,
wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún.
Hilarión ò bá mi sọ̀rọ̀; ó gbé agbada sábẹ́ rẹ̀.
Láàárọ̀ yìí abẹ́rẹ́ tún kan irin.
Mo mú bírò.
Ife kọfí náà wà lórí tábìlì,
mi ò tíì fọ̀ ọ́.